Orúnkún Ràkúnmí

Bí Mọ́mì bá ń gbàdúrà, tí àdúrà náà sì wọ̀ ọ́ lára, ó níbi tó máa ń dé tí á pe ara rẹ̀ ní ràkúnmí. "Ràkúnmí rẹ ni mí o, Baba. Ibi tí o bá fà mí sí ni mò ń lọ." Ṣọ́ọ̀ṣì wa wà ní Old Kent Road, ní London, lórí òkè ibi tí wọ́n ti ń ta táyà mọ́tò. Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí ìró ọkọ̀ ìta àti ìró ìlù inú ilé bá dàpọ̀, àwọn ìyá tó jẹ́ ràkúnmí níbẹ̀ kì í dín ní ogún, gbogbo wọn lórí ìkúnlẹ̀. Èmi náà á kúnlẹ̀ ti Mọ́mì, n ó la ojú kan, n ó máa wo orúnkún rẹ̀. Ó dúdú ju ara rẹ̀ yòókù lọ, ó sì yi bí awọ bàtà. Mo rò pé bí orúnkún gbogbo ìyá ṣe ń rí nìyẹn.

N kò bi í rí pé irú ẹranko wo ni ràkúnmí. Mo ṣáà ti rí ọ̀kan. Ìbàdàn la wà nígbà náà, n kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Alájì kan ládùúgbò wa ló pinnu lọ́dún kan pé àgbò kò tó òun mọ́, ràkúnmí lòun máa pa ní Iléyá. Ọmọkùnrin Haúsá kan ló fà á wá láti Sábó, gbogbo ọmọdé àdúgbò sì tò tẹ̀ lé e bí ẹni ń tọ eégún lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n ní kó kúnlẹ̀ nínú ọgbà Alájì, ó figbe ta. Igbe náà kò jọ ti ewúrẹ́, kò jọ ti màlúù. Bí ìgbà tí àgbàlagbà bá ń fi omi yọ ọ̀fun ni, ṣùgbọ́n tí àgbàlagbà náà tóbi tó ilé. Mo sá wọlé. Nígbà tó yá wọ́n fi ẹran rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa nínú abọ́ tanganran. Mọ́mì ní ẹran náà kò ní í jinná títí ọdún á fi yípo, kò sì parọ́ púpọ̀.

Ohun tó tún da ọ̀rọ̀ rú mọ́ mi lójú ni pé Bíbélì Yorùbá àtijọ́ kò mọ ràkúnmí. Ìbákasíẹ ni wọ́n pè é níbẹ̀. Ràkúnmí tí àwa ń pè é lẹ́nu, ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá la ti gbà á. Nítorí náà, títí mo fi wọ sẹ́kọ́ńdírì, ẹranko méjì ni mo gbà pé wọ́n jẹ́: ràkúnmí, tí Alájì pa, àti ìbákasíẹ, tí kò lè gba ojú abẹ́rẹ́ kọjá. Mo sì rò pé ti ojú abẹ́rẹ́ ló gbọ́dọ̀ tóbi jù.

Ọdún 2012 ni tíṣà jọ́gíráfì wa pín ìwé fún wa ní kíláàsì. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn lọ sí Mòrókò ní ìsinmi oṣù kẹwàá, kí òbí rẹ̀ fọwọ́ sí i. Ọjọ́ mẹ́jọ ni gbogbo rẹ̀. Mẹ́rin nínú rẹ̀, inú aṣálẹ̀ Sàhárà la ó wà, àwa àti ràkúnmí. Mọ́mì ka ìwé náà tán, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó ku nǹkan tí wọ́n kọ síbẹ̀.

"Ṣé ìyà ni wọ́n ní kí n fowó rà fún ọ ni?"

N kò fèsì.

"Omi ẹ̀rọ ń yọ nílé, ẹ wá fẹ́ lọ síbi tí kò sómi."

Ṣùgbọ́n ó san án. Ìgbà mẹ́ta ló pín in san, láti inú iṣẹ́ kíà tó ń ṣe lóru ní ilé àwọn arúgbó kan, níbi tó ti ń gbé àwọn tó wúwo jù ú lọ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Nínú owó kan náà ni ti Ìbàdàn ti ń jáde: owó ilé-ìwé ọmọ àbúrò rẹ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti ìyá rẹ̀, àti òrùlé kan tí kì í tán.

Iléyá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá nígbà tí a balẹ̀ sí Marrakesh. Awọ àgbò wà káàkiri ẹ̀bá ọ̀nà, àwọn ọ̀dọ́kùnrin sì dáná sí ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n ń bá gbogbo àdúgbò sun orí àgbò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fọwọ́ bo imú. Èmi ò bò ó. Òórùn irun àgbò tó ń jó yẹn, Ìbàdàn gan-an ni.

Lọ́jọ́ kejì bọ́ọ̀sì gbé wa gun òkè Atlas, a gba ibi tí wọ́n ń pè ní Tizi n'Tichka kọjá, tó ga tó 2,260 mítà. Ọ̀nà náà lọ́ débi pé ọmọ mẹ́ta bì. A gba Ouarzazate, a gba Agdz, a dé Zagora. Pátákó kan wà ní Zagora tí wọ́n kun ràkúnmí sí lára, tí wọ́n kọ ọ́ sí i pé ọjọ́ 52 ni ibẹ̀ sí Timbuktu. Kò sí àlejò tí kì í ya fọ́tò níwájú rẹ̀, àwa náà yà. Tíṣà wa ní àfonífojì odò Draa yìí ni àwọn ọmọ ogun Mòrókò tọ̀ nígbà tí wọ́n ń lọ ṣẹ́gun ilẹ̀ Songhai, tí wọ́n sì borí ní 1591. Pé ọ̀nà yìí ni iyọ̀ ń bá lọ tí wúrà àti ẹrú ń bá bọ̀. Ó wá ní bí a bá rin ọjọ́ 52 náà lónìí, àwọn tó gbé ìbọn dání la ó bá nílùú. Láti oṣù kẹrin ọdún yẹn ni Timbuktu ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọ́n sì ti ń wó ibojì àwọn ẹni mímọ́ ìgbàanì níbẹ̀. Ẹnubodè Mòrókò àti Àlgéríà pàápàá, láti 1994 ni wọ́n ti tì í pa. Pátákó ò mọ̀kan nínú gbogbo ìyẹn. Ọjọ́ 52 ló wí, ọjọ́ 52 náà ló ń wí.

Ọ̀nà ọlọ́dà parí ní M'hamid.

Ràkúnmí mẹ́sàn-án ló ń dúró dè wá níbẹ̀ ní òwúrọ̀, lẹ́yìn àwọn igi dàbínù. Baba tó ni mẹ́rin nínú wọn á tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Ó wé láwàní dúdú, eyín iwájú rẹ̀ kan ti lọ. Mo kúnlẹ̀ kí i. N kò rò ó kí n tó ṣe é, ara ló ṣe é. Baba wò mí, ó wo ràkúnmí tó wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bíi tèmi, ó sì sọ nǹkan kan tó pa àwọn ọmọkùnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ lẹ́rìn-ín. Atọ́nà wa, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀, kò túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí di ẹrù ni mo tó mọ̀ pé n kò mọ ràkúnmí. Ó ké. Kẹ́ẹ̀gì omi kò tíì kan ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti ń ké. Wọ́n gbé ẹní lé e, ó ké. Wọ́n gbé sílíńdà gáàsì, ó yí ọrùn gígùn yẹn padà sẹ́yìn, ó la ẹnu gbàgàdà, ó sì ké mọ́ sílíńdà náà lójú. Igbe ọ̀fun yẹn náà ni, èyí tó lé mi wọlé ní Ìbàdàn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé ikú ni ràkúnmí Alájì rí tó fi ké. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n kàn ní kó kúnlẹ̀ ni.

Ọ̀kan nínú àwọn tíṣà wa bẹ̀rẹ̀ sí bẹ Baba pé kí wọ́n dín ẹrù rẹ̀ kù. Baba kò dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n mo dúró nítòsí, mo sì rí i pé etí rẹ̀ wà níbi igbe náà. Ti àkọ́kọ́, kò kà á sí. Ti ẹ̀ẹ̀kejì, kò kà á sí. Nígbà tó kan àpò ìyẹ̀fun kan, igbe yí padà: ó kúrú, ó lọ sísàlẹ̀ ikùn, ẹranko náà sì fìdí mọ́lẹ̀. Wọ́n ní kó dìde, ó kọ̀. Baba ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹrù apá òsì, ó gbé e wò; ó ti ọwọ́ bọ apá ọ̀tún, ó gbé e wò, bí ìyá ọlọ́jà tí kò nílò òṣùwọ̀n. Ó yọ kẹ́ẹ̀gì omi kan kúrò, ó gbé e fún ràkúnmí funfun tó wà níwájú. Ó tú okùn, ó tún un dì. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ gbá a nídìí, ó sì dìde wọ́ọ́rọ́wọ́, kò ké mọ́. Nǹkan bí 150 kílò ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Mo bi atọ́nà pé báwo ni Baba ṣe mọ èyí tó yẹ kó dá lóhùn. Ó ní ràkúnmí dà bí ìyá ọkọ: ojoojúmọ́ ló ń ṣàròyé, iṣẹ́ ẹni ni láti mọ ọjọ́ tó ń sọ òótọ́.

A ti rò pé a ó gùn wọ́n ni. Irọ́. Méjì péré ló ní gàárì, fún ẹni tó bá rẹ̀ tàbí tí bàtà bá bó lẹ́sẹ̀. Àwọn yòókù, omi àti oúnjẹ wa ni wọ́n rù, àwa sì ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, bíi kílómítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń rìn jẹ́ ọmọ Sòmálíà. Nínú òfin àbáláyé wọn, ẹni tó bá pa ọkùnrin, 100 ràkúnmí ni ìdílé rẹ̀ máa san. Ó ní ìyá òun àgbà, ní ilé wọn ní London níbẹ̀, lè fi ewì ki ràkúnmí kan ṣoṣo láti ìrọ̀lẹ́ títí wọ́n á fi gbé oúnjẹ alẹ́ wá. Òun fúnra rẹ̀ kò rí ọ̀kan rí àfi nínú ọgbà ẹranko. Nígbà tó fọwọ́ kan ọrùn ràkúnmí funfun yẹn, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní iyanrìn ló kó sí òun lójú. Atẹ́gùn kankan ò fẹ́.

Èmi náà gùn ún lọ́jọ́ kejì. Ẹni tí kò bá gùn ún rí, kó gbọ́: ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ fi ń dìde. Ìdí rẹ̀ á ta ọ́ sókè, ojú rẹ á kọ ilẹ̀, o ò ní í tíì parí igbe tí iwájú rẹ̀ á tún fi gbé ọ padà. Bó bá wá ń rìn, ẹsẹ̀ ọ̀tún méjèèjì ló ń gbé pọ̀, kó tó kan òsì méjèèjì, nítorí náà ló ṣe ń fì ọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ọkọ̀ ojú omi. Lẹ́yìn wákàtí kan mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ̀ mí. N kò tún gùn ún mọ́.

Ilẹ̀ ló sì dáa jù láti wo ràkúnmí. Kò ní pátákò bíi ti ẹṣin. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, ó ní ọmọ ìka méjì, ó ń tẹ́ bí ìrọ̀rí nígbà tó bá kanlẹ̀, kì í sì í rì sínú iyanrìn. Lókè rẹ̀ ni orúnkún. Awọ dúdú tó nípọn, tí kò nírun, ló wà lójú orúnkún kọ̀ọ̀kan, òmíràn sì wà láyà rẹ̀, ó tóbi tó àwo. Ibi tó fi ń kanlẹ̀ nìyẹn tó bá kúnlẹ̀ gba ẹrù, ibẹ̀ náà ló fi ń sinmi lórí iyanrìn gbígbóná. Mo tẹjú mọ́ ọn títí. Mo mọ ẹni tó ní irú rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì náà la dé kànga. Tíṣà kan nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti kọ́ mi pé omi ló wà nínú iké ràkúnmí, mo sì ti fi kọ ìdánwò, mo gbà máàkì. Ọ̀rá ló wà níbẹ̀. Ti omi, ọgbọ́n tó ń dá ni pé kì í fi í ṣòfò. Bí oòrùn bá mú, àwa á máa làágùn kí ara wa lè tutù; òun á jẹ́ kí ara òun máa gbóná lọ, láti nǹkan bí ìwọ̀n 34 dé 41 lórí Celsius, kó tó làágùn tó ṣe gúnmọ́. Ibà tí wọ́n fi ń gbé èèyàn dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù, ọ̀sán lásán ni fún ràkúnmí. Omi tí ìwọ̀n rẹ̀ tó ìdámẹ́rin ara rẹ̀ lè gbẹ kúrò lára rẹ̀, kó ṣì máa bá ìrìn rẹ̀ lọ. Bí ìdajì ìyẹn bá gbẹ lára èèyàn, ikú ti wọlé. Bó bá wá dé ìdí omi, ó lè mu ju 100 lítà lọ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èmi ni wọ́n ní kí n fa omi fún ọ̀kan nínú wọn. Lẹ́yìn garawa kẹjọ apá mi kọ̀, ọmọkùnrin kan gbà á lọ́wọ́ mi. Ràkúnmí náà kò gbé orí sókè wo ẹni tó pààrọ̀.

Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á so ẹsẹ̀ iwájú wọn méjèèjì pọ̀, kí wọ́n lè máa já ewé jẹ káàkiri láì lè sáré. Òṣùpá sì kún rẹ́rẹ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Gbogbo ẹni tó mọ̀ pé mò ń lọ sí Sàhárà ló ti ṣèlérí ìràwọ̀ fún mi, àfi bí ẹni pé àwọn ló ń tà á. Kò sẹ́ni tó ṣírò Iléyá: ọjọ́ kẹwàá oṣù ni, bí ọjọ́ mẹ́rin bá ti kọjá lé e, òṣùpá á pé. Ìràwọ̀ tí mo rí ní Sàhárà kò tó èyí tí mo rí ní Ìbàdàn nígbà tí NEPA bá múná lọ.

Nínú ìmọ́lẹ̀ òṣùpá yẹn ni mẹ́ta nínú àwọn ràkúnmí náà fi ẹsẹ̀ síso rìn lọ. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta mọ́, mẹ́fà la bá. Tíṣà wa fa fóònù sátẹláìtì yọ. Baba mu tíì rẹ̀ tán, ife mẹ́ta, kò kánjú, ó nu ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tọ ipasẹ̀ wọn lórí iyanrìn. Atọ́nà ní Baba mọ ipasẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, bí èèyàn ṣe ń mọ ọwọ́ ìkọ̀wé ọmọ rẹ̀. Wákàtí kan kọjá, ó di mẹ́rin. Gbogbo wa, àti tíṣà àti akẹ́kọ̀ọ́, kó ara wa sábẹ́ igi tamarisk kan tí òjìji rẹ̀ kò gba èèyàn mẹ́rin. A ò lè lọ síwájú, a ò lè padà sẹ́yìn, nítorí àwọn tó sọnù ló ń ru omi wa.

Ibẹ̀ ni àdúrà Mọ́mì ti sọ sí mi lọ́kàn, ẹ̀rín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ibi tí o bá fà mí sí ni mò ń lọ. Ta ló ń fa ta? Okùn tí wọ́n fi so ràkúnmí kan mọ́ ìkejì lójú ọ̀nà kò nípọn ju èyí tí a fi ń di ẹnu àpò gàrí lọ. Mo ti bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní ó yẹ kó lè já, kí ẹni tó bá ṣubú má baà fa ẹlòmíràn lulẹ̀. A jẹ́ pé ọjọ́ tó bá wu ràkúnmí, okùn kò lè dá a dúró. Ó ń tẹ̀ lé Baba nítorí pé Baba mọ ibi tómi wà, àti nítorí pé nígbà tó ké lọ́jọ́ kìíní, wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì kan kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló jọ ní àdéhùn. Àwa tí a kò rí ràkúnmí fà rí nílẹ̀ wa la sọ ọ́ di ẹran tí kì í lóhùn.

Baba dé lẹ́yìn ọ̀sán, ó ń kọrin, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tò lẹ́yìn rẹ̀. Kò nà wọ́n. Tíṣà wa, tí mo mọ̀ pé ó ti kọ lẹ́tà ẹ̀hónú tán nínú ọkàn rẹ̀, yọ ṣokoléètì fún un.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn Baba sun búrẹ́dì fún wa nínú iyanrìn. Ó dáná igi títí ó fi di ẹyín, ó wọ́ ẹyín iná sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tẹ́ ìyẹ̀fun pípò sórí iyanrìn tó gbóná bẹ́ẹ̀ láìfi nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀, ó wa iyanrìn bò ó, ó sì da ẹyín iná padà lé e. Nígbà tó wú u jáde, ó fi ìka kàn án bí ẹni ń kanlẹ̀kùn, ó fetí sí i, ó ní ó ti jinná. Ó gbọ̀n ọ́n nù bí ẹni gbọn aṣọ. Iyanrìn ò kù níbẹ̀ àfi ìwọ̀nba tí eyín lè fara dà.

Èmi ni mo ń bá wọn gé àlùbọ́sà. Mo gbé ọ̀kan sókè, mo bi ọmọkùnrin tó ń se ọbẹ̀ pé kí ni wọ́n ń pè é. Ó ní "bsla," lẹ́ẹ̀kan, kíá. Atọ́nà ní al-basal ni wọ́n ń kọ ọ́ nínú ìwé. Mo ní, "Àlùbọ́sà." Ó dákẹ́. Ó ní kí n tún un pè. Mo tún un pè. Ó fà mí lọ bá Baba, ó ní kí n pè é kí Baba gbọ́. Baba fetí sílẹ̀, ó mi orí, ó ní mo pè é dáadáa, àmọ́ mo forin sí i.

Oorun ò tètè gbé mi lóru náà, mo ń ro àwọn nǹkan mìíràn tó ti òkè wá bá wa bí ọ̀rọ̀ àlùbọ́sà yẹn. Káún tí ìyá Mọ́mì fi ń se ewédú, agbègbè adágún Chad ló ti ń wá láyé àtijọ́. Ẹ̀yìn màlúù àti ẹ̀yìn ràkúnmí ló gùn dé Kánò, kí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti orí èèyàn tó gbà á wá sísàlẹ̀ ọ̀dọ̀ wa. Ràkúnmí fúnra rẹ̀ kò lè bá a dé ọ̀hún, nítorí eṣinṣin tsetse inú igbó wa, tó ń kó àrùn tó ń pa á. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, ẹrù rẹ̀ dé, òun kò dé. Ìdí nìyẹn tí a fi lè fi í ṣe ohunkóhun tó bá wù wá nínú àdúrà.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ odò náà díẹ̀. Draa ni odò tó gùn jù ní Mòrókò, nǹkan bí 1,100 kílómítà. Lọ́jọ́ kìíní a rìn la ojú rẹ̀ kọjá, bàtà ẹnì kankan ò tutù. Ní 1972 ni wọ́n sé e lókè lọ́hùn-ún, nítòsí Ouarzazate, láti ìgbà náà ni omi ò fi dé M'hamid mọ́ àfi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Iriqui, adágún tó wà lẹ́yìn àwọn òkè iyanrìn Chigaga, tí àwọn ẹyẹ ń bà sí tẹ́lẹ̀, ti di amọ̀ gbígbẹ tó sán nígbà tí a lọ. Mọ́tò la gbé tí a fi gba àárín rẹ̀ kọjá nígbà tí à ń padà bọ̀. Baba ti rí omi níbẹ̀ rí. Ó ní ogójì ràkúnmí ni baba òun ní. Òun ní mẹ́rin, àwọn àlejò bíi tiwa ló sì ń bọ́ wọn.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní oṣù kẹwàá 2013, ìròyìn dé láti orílẹ̀-èdè Niger pé wọ́n rí òkú èèyàn 92 nínú aṣálẹ̀, lọ́nà Àlgéríà. Obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọkọ̀ tó gbé wọn ló bàjẹ́, òùngbẹ ló pa wọ́n. Ìyá kan nínú ìjọ wa kò lè jẹun lọ́sẹ̀ náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gba Agadez kọjá sí Líbíà ṣáájú ìgbà náà, ó sì ti sọ fún un lórí fóònù pé ẹni tó bá ráhùn lẹ́yìn Hilux, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀ ni. Mo ronú kan àwọn yẹn ju Baba lọ. Ibi tí wọ́n bá fà wọ́n sí ni wọ́n ń lọ, wọn ò sì gbọdọ̀ ké.

Ọjọ́ Àìkú ni mo délé láti Mòrókò. Mọ́mì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé orí àga, kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́. Mo fi fọ́tò hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan èyí tí ràkúnmí la ẹnu mọ́ sílíńdà gáàsì, ó bú sẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Mọ́mì, ràkúnmí ń ké o. Bí ẹrù bá ti pọ̀ jù, kì í dìde."

"Bó bá wá ké, ṣé wọ́n gbé e kúrò lórí ẹ̀?"

"Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì kan kúrò."

Ó tún fọ́tò náà wò. "Ìyẹn rí ẹni ké sí," ó wí.

Fóònù rẹ̀ dún. Ìbàdàn ni. Mo gbọ́ tó ń sọ pé ẹ má ṣèyọnu, pé ó di ìparí oṣù, mo sì mọ̀ pé òrùlé ni.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá báyìí. Ó ṣì ń pe ara rẹ̀ ní ràkúnmí nínú àdúrà, èmi náà sì ń ṣe àmín. Lọ́dún tó kọjá mo tẹ̀ lé e lọ rí dókítà. Dókítà bi í pé láti ìgbà wo ni orúnkún ti ń dùn ún. Ó ní láti 2011. Èmi tí mo jókòó tì í, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́ ọ nìyẹn.

Wọ́n ti pààrọ̀ ti ọ̀tún. Wọ́n ní ti òsì di oṣù kẹsàn-án.